Dókítà Adelé Ọjọ́ Iléyá

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ara mi kì í balẹ̀. Kì í ṣe tẹran o, Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo máa ń wá adelé fún dókítà wa nílé ìwòsàn wa ní Bẹẹrẹ, torí mùsùlùmí òdodo ni wọ́n, wọn kì í fi ọdún wọn ṣeré. Ọ̀rẹ́ wọn kan, dókítà ní Òkè Padre, ló máa ń bá wọn jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá di Kérésìmesì, tiwa náà á lọ bá a jókòó sí tiẹ̀. Ayé ìgbà yẹn dùn, mi ò lè parọ́.

Ṣùgbọ́n èèyàn ò kàn lè gbé adelé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Mo ní láti kọ́kọ́ mú un yíká agbo ilé àwọn tá à ń tọ́jú, láti Ìsàlẹ̀ Òsì títí dé Àrẹ̀mọ, kí àwọn àgbà rí i sójú, kí wọ́n mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe. Bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó fọwọ́ kan òun.

Lọ́dún kan, àìsàn gbé dókítà Òkè Padre dè. Mo pe fóònù títí etí mi fi gbóná. Àárọ̀ ọdún gan-an ni mo tó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ dókítà. Kò sáyè à ń mú un yíká mọ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé ìyá arúgbó kan dé láti Ìsàlẹ̀ Òsì. Èéfín ẹran tí wọ́n ń wi lágboolé ló ru ikọ́ fée wọn sókè, wọn ò rí èémí mí. Bí dókítà adelé náà ṣe gbé abẹ́rẹ́, ìyá fa apá sẹ́yìn. Wọ́n fọwọ́ júwe pé ká lọ pe dókítà àwọn wá. Dókítà wọn ti lọ ṣọdún ní Ìsẹ́yìn, fóònù wọn ò lọ. Ètè ìyá ti ń ṣú. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ni inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n máa kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin náà ò bá wọn jiyàn. Ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó bọ́ kóòtù funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì.

“Ọmọ ọmọ bàbá aránfìlà ní Bẹyẹrúnkà ni mí, Ìyá.”

Ìyá wò ó. Wọ́n na apá sí i.

Nígbà tí èémí wọn padà, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí.

“Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tó ò mú un wá kí wa?”

Dókítà wa ti dolóògbé báyìí, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń wá adelé, kíá ni wọ́n ń rí i. Lóṣù tó kọjá, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò nílé ìwòsàn wa àtijọ́, mo bá dókítà kékeré kan tí mi ò rí rí. Ọmọ náà mọṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ sì tutù. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní adelé ọjọ́ kan lòun, kí n ká apá aṣọ mi sókè.

Mo ká a. Kò sẹ́ni tó mú un wá kí mi.