Àmì Ìdí Kọ́ọ̀pù

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí wọ́n gba yàrá ìkàwé wa ní Ìfọ́n fún àwọn sójà. Kì í ṣe ìjọba ló gbà á, àwọn ìyá ìjọ wa ni. Ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin gba iwájú ilé ìwé náà kọjá, ojoojúmọ́ sì ni ọkọ̀ ńlá ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí eruku ti bo ojú wọn lọ sójú ogun. Àwọn ìyá náà ní àwọn ò lè máa wò wọ́n níran. Wọ́n kó àga wa síta, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n din àkàrà, wọ́n sì sọ yàrá náà di kantíìnì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

Kọ́ọ̀pù tánganran ni wọ́n fi ń bu tíì. Ilé ni kálukú ti kó tirẹ̀ wá, nítorí náà wọ́n ṣe ohun tí àwọn obìnrin wa máa ń ṣe sí àwo tí wọ́n bá gbé lọ síbi ìnáwó: wọ́n fi ọ̀dà ṣe àmì sí ìdí rẹ̀, kó má baà bá ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀kán ọ̀dà pupa mẹ́ta ni àmì ìyá tó ṣolórí wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú mi, òun ni mo sì padà fẹ́.

Mo rántí sójà kan tó tọ́ tíì náà wò, tó fajú ro.

"Ìyá, ṣé omi òjò lẹ bù fún mi ni?"

"Omi òjò ni," ni ìyá náà dáhùn. "Ọwọ́ ọ̀gá yín ni ṣúgà wà. Tó o bá ń bọ̀, gba tèmi náà wá."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Sójà náà mu tirẹ̀ tán, ó tún tọrọ òmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ wọn fọn fèrè, ó dojú kọ́ọ̀pù náà délẹ̀, ó ti ìka bọ agolo ọ̀dà tó wà lójú fèrèsé, ó sì ya ẹja kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kán pupa mẹ́ta yẹn.

"Ẹ má fi fún ẹlòmíràn mu o, Ìyá. Mò ń bọ̀."

Ibẹ̀ ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ya ọkọ́, ẹnì kan ya ìràwọ̀, ẹnì kan kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá padà dé, wọ́n á bu tíì fún un nínú kọ́ọ̀pù rẹ̀. Tó bá ti mu ún tán, ìyá tó ni kọ́ọ̀pù á fi kẹrosíìnì nu àmì tí sójà náà yà kúrò níṣojú rẹ̀, gbogbo wa á sì pàtẹ́wọ́. Ó ti délé nìyẹn. Kọ́ọ̀pù tí wọn ò bá nu, ẹni tó ni àmì náà ò tíì dé.

Ogun parí. Àwọn ìyá kó kọ́ọ̀pù wọn lọ sílé. Ìyàwó mi ò gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wá èyí tí wọn ò nu kiri, láti Ìfọ́n dé Okeluse. Ní Ijagba, ó bá ọ̀kan níbi tí adìẹ ti ń mu omi nínú rẹ̀. Ó fún onílé ní abọ́ tuntun, ó gba ti adìẹ. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé oníkọ́ọ̀pù ni mo fẹ́. Ó rí mọ́kànlélógún. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní orúkọ àwọn tó ya àwọn àmì náà àti ìlú wọn, ó sì mọ̀ wọ́n sórí.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀," ló máa ń sọ. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù nínú ilé yìí."

Mo máa ń dá a lóhùn pé tó bá di ọ̀la. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ní ìwé kíkọ. Mi ò kọ ìlà kan fún un.

Ó kú ní ọdún tó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá àbúrò mi obìnrin àti àwọn ìyàwó ilé lórí ìjókòó, kànìnkànìn onírin lọ́wọ́ wọn, kẹrosíìnì nínú báàfù.

"Bọ̀dá, ẹ wá wò ó bó ṣe ń dán! Ṣé kọ́ọ̀pù ìdọ̀tí la fẹ́ fi bu omi fún àlejò ìyàwó wa ni?"

Ogún ni wọ́n ti fọ̀. Wọ́n ti ń fi ọ̀dà tuntun kọ orúkọ ìdílé wa sí ìdí wọn. Mo yí padà, mo wọlé. Títí di òní, àbúrò mi ò mọ ohun tó ṣe, ó sì ń bi àwọn ọmọ mi pé kí ló dé tí mi ò kí òun mọ́. Inú ń bí mi sí i. Ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ká ní mo kọ ọ́ ni, kẹrosíìnì ò ní lè nu ìwé mi.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, nígbà tiwa, bí ènìyàn bá rí àmì lára nǹkan, á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín. Nísinsìnyí, ohun tó bá ti ń dán, ẹ ti gbà pé ó dáa. Ogún kọ́ọ̀pù ń dán nínú páálí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Bí a bá tẹ̀ lé àṣà àwọn ìyá wa, ogún ọmọkùnrin ti délé. Irọ́ ni. Wọn ò dé, ẹni tó mọ orúkọ wọn náà sì ti lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí pé òun ni ìyàwó mi fi ń mu omi oògùn lórí ibùsùn. Ẹja náà ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ilé: ẹni tó bá gbé e lọ fọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni.