Gbogbo Ilé Ló Ń Se Omi ní Ìgándò!

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Èmi náà, ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún mi, màá ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ jàre, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí mò ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìwádìí, èyí tó ní ìṣirò nínú, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ẹgbẹ́dá.

Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń pe nóòtì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á dà á sínú ìwé ìdánwò, ó parí! Ó sú mi. Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa pé kó jẹ́ kí n pín wọn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kí n fún wọn ní ìṣòro gidi, kí wọ́n jáde lọ wá ìdáhùn fúnra wọn. Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo ní kó wá jó. Ó ní ó dáa, sáà kan péré. Bó bá bàjẹ́, nóòtì ni mo máa padà sí.

Ìṣòro tí mo fún wọn ò le: ṣé àwọn ará Ìgándò máa ń se omi kànga kí wọ́n tó mu ún? Ẹgbẹ́ mẹ́rin, àdúgbò mẹ́rin, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kó èsì dé. Gbogbo ilé ló ń se omi. Gbogbo ilé! Lójoojúmọ́! Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní rárá. Ẹ̀yin èèyàn mi, kẹrosíìnì tí à ń tò lórí ìlà fún láti ìdájí, òun ni gbogbo Ìgándò ń fi se omi mímu? Èmi tí mò ń gbé ibẹ̀, ṣé mo se omi rí?

Inú bí mi. Ọjọ́ méjì ló kù kí a lọ ka èsì wa síwájú ọ̀gá. Mo fẹ̀sùn kàn wọ́n pé abẹ́ igi ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n fúnra wọn kọ ìdáhùn.

Sèkínà dìde. Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti bímọ mẹ́ta, Ṣàkírù ni àkọ́bí, kó tó padà sílé ìwé. Kì í bẹ̀rù mi.

"Sà, ẹ má pè wá lópùrọ́ o. Bàtà mi já lẹ́nu iṣẹ́ yìí!"

"Ìyá Ṣàkírù, bàtà lo lò, o ò lo ọpọlọ!" ni mo dá a lóhùn.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa, kí kálukú mú ìwé, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nílé àkọ́kọ́ tó wọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Sèkínà kọ ọ́ báyìí: "Mo kúnlẹ̀, mo kí màmá onílé. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa dáhùn ká lè yege. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n wá ní, èwo ni olùkọ́ yín fẹ́? Mo fi ìka tọ́ka sí 'bẹ́ẹ̀ ni'. Wọ́n fàmì sí i."

Mo ka tẹlòmíì, ọ̀kan náà ni! Mo ka ìkẹta, àdúrà ibẹ̀ tún gùn jù! Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe wá níbi. Àánú wa ló ṣe gbogbo àdúgbò! Ta ni kí n wá bínú sí báyìí?

Sèkínà náà ló ní kí àwọn padà lọ, kí wọ́n má dárúkọ ilé ìwé rárá, kí wọ́n kàn tọrọ omi mu, kí wọ́n sì wo ibi tí onílé ti bù ú, bóyá inú kànga tààrà ni. Ọgbọ́n dé, àkókò ti lọ! Níwájú ọ̀gá, òtítọ́ la kà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nujú, ó ní ṣé èyí ni mo fi pàrọ̀ nóòtì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì!

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹ máa jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ bó ṣe béèrè ìbéèrè sílẹ̀, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi àánú ba iṣẹ́ yín jẹ́ báyìí rí? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ó ku kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọ̀gá fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan yẹn, mò ń fọ eyín lẹ́nu géètì, ọmọbìnrin kan láti ilé ìwé mìíràn kúnlẹ̀ síwájú mi, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, òógùn lójú. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí àwọn ni, kí n jọ̀ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi omi ṣan ẹnu, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni mo wí. "Èwo ni olùkọ́ yín fẹ́?"