Mo Pè Wọ́n Kí Olè Tó Pè Wọ́n

Kò sí ẹni tó máa bú Alhaji lójú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, àfi èmi fúnra mi. Àwọn ló ni ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀fà, èmi ni mo sì ń mójú tó kọ̀ǹpútà tí fáìlì àwọn aláìsàn wà. Ẹnì kan pè wọ́n lórí fóònù, ó ní òun wà lára àwọn tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ki oríkì ilé wọn fún wọn délẹ̀délẹ̀. Ta ni yóò ki èèyàn báyẹn tí a ó fura sí i? Alhaji fún un ní páswọ́ọ̀dù.

Kí wọ́n tó kírun Àsárì tán, olè yẹn ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà: gbogbo fáìlì wa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá sanwó, yóò máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ará ilé àwọn aláìsàn níkọ̀ọ̀kan.

Alhaji pe Mátírọ́ọ̀nù àti èmi sí ọ́fíìsì, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n ní ká sọ pé iná ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú sí yàrá yìí. Orúkọ wa ò gbọdọ̀ bàjẹ́."

Mátírọ́ọ̀nù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú bí mi. Orúkọ ta ni? Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fáìlì ńkọ́?

Mo kúnlẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. "Alhaji, ẹ má bínú. Mo máa pa gbogbo kọ̀ǹpútà báyìí, mo sì máa pe àwọn aláìsàn náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n má pè wọ́n, ẹ bá mi sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, o lágídí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọn ò jáde lọ bá àwọn òṣìṣẹ́. Mo pa kọ̀ǹpútà. Àwọn nọ́ọ̀sì tí kò rí fáìlì wò mọ́ ń bú mi. Mo ní kí wọ́n máa bú mi lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan léèrè oògùn tó ń lò kí wọ́n tó fún un ní nǹkan kan.

Obìnrin ará Ìjàgbò kan ni mo kọ́kọ́ pè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbààwẹ̀ kí obìnrin yìí lè lóyún. Òun ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́dọ̀ wa, ọkọ rẹ̀ ò sì mọ̀. Mo dárúkọ ara mi, mo sọ bó ṣe rí, mo ní àwa la jẹ̀bi.

"Ṣé wọ́n ti pe ọkọ mi?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ̀yin ni mo sáré pè."

Ariwo ọjà ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń pe ọlọ́kadà.

"Ìjàgbò ni mò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré. Ẹnu mi ni ọkọ mi gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ."