Ìgbín Tí N Kò Jẹ

Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́rin láì sọ̀rọ̀. Ọ́tísíìmù ni dókítà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pè é, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọmọ yòókù. Mo bi í bóyá oúnjẹ tí mo jẹ nínú oyún ló fà á. Ó ní oúnjẹ aboyún ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí nǹkan kan pé òun nìyí. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìbefun kò gba ìyẹn. Lójú wọn, ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, tó ń da itọ́, ìyá rẹ̀ ló jẹ ìgbín nígbà tó lóyún rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n mú mi jókòó sáàárín àwọn àgbà pé kí n jẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rí mi lára. Ìyá ọkọ mi tó ń bi mí léèrè ìgbín yìí ló da oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún mi nígbà oyún sí ààtàn, pé yóò sọ ọmọ di ńlá nínú. Ó ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ló ń bù fún mi. Ẹja wà nínú abọ́ tirẹ̀, ojú ni mo fi ń jẹ ẹ́. N kò ní ìyẹn ló fà á o. Ṣùgbọ́n ẹni tó febi pa aboyún ló tún ń bi í pé kí ló jẹ! Ìwà ẹ̀gbin gbáà.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, òun ló bi mí: “Ìyàwó, o jẹ ẹ́ àbí o ò jẹ ẹ́?”

“Ẹ̀yin ìyá mi, n kò jẹ ẹ́.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wí i.

Ọkọ mi fẹnu sí mi létí: “Ṣáà ní o jẹ ẹ́, ká lè máa lọ sílé.”

Mo rò pé bí mo bá ti gbà, wọ́n á fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo jẹ ẹ́.

N kò mọ̀ pé ní ilé wọn, ìjẹ́wọ́ ìyá ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó lè fi ìgbín wẹ ẹnu ọmọ, kó lè sọ̀rọ̀. Ìgbín ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin méjì di ọmọ mi mú, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n ń fi omi ìgbín ra ahọ́n rẹ̀. Ó ń bì, ó ń ké. Wọ́n ní kí n sọ fún un kó farabalẹ̀, mo sì sọ fún un. Ẹnu mi ló kó bá a. Ara mi gan-an ló ń rí mi lára jù.

Nígbà tí a délé, mo fẹ́ nu ẹnu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó sì sá sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Títí di òní, ọwọ́ bàbá rẹ̀ nìkan ló ti ń gba oúnjẹ.