Ọkọ̀ Ìjókòó Méjì àti Ààrò Búrẹ́dì

Àrá ti lé mi rí lórí afárá Kátà, kò bá mi. Mo wà nínú ọkọ̀ mi, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé tí kò ní ju ìjókòó méjì lọ. Òjò ṣú, àrá sán lẹ́yìn mi ní Ìddó, mo tẹ iná mọ́lẹ̀. Nígbà tí yóò fi sán lẹ́ẹ̀kejì, mo ti dé Ìdúmọ̀tà, mo ti páàkì, mo ti ra ẹ̀pà, mo ń jẹ ẹ́. Àrá náà kọjá lórí mi, ojú tì í, ó gba ọ̀nà òkun lọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi afárá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkọ̀ yẹn ló jẹ ààrò búrẹ́dì ìyàwó mi. Ó jẹ ẹ́ kí wọ́n tó mọ ọ́n rárá.

Láyé ìgbà náà, kí a tó gba òmìnira, ọkọ̀ àlòkù ni mo ń fọ̀ jẹun, nínú ọgbà òyìnbó kan nítòsí Màrínà. Àwọn òyìnbó Ìkòyí tó bá ń padà sílé ni wọ́n ń kó ọkọ̀ wọn wá tà fún un. Àwọn òyìnbó tí ọkọ̀ ojú omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ ní Àpápá ni wọ́n ń wá rà á. Èmi wà láàárín wọn pẹ̀lú garawa àti kàn-ìn-kàn-ìn. Mo kàwé dé sítáńdáàdì fọ́ọ̀. Ìwé sú bàbá mi kó tó sú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ dìpìríṣíéṣọ̀n. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ kó má fi í kún un. Ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé owó tó ń jò ni ọkọ̀ tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní ọdún kìíní, á dà bí garawa tí ìdí rẹ̀ lu. Ní ọdún kejì, á máa kán tó, tó. Bó bá fi máa di ọdún mélòó kan sí i, ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Ọkọ̀ asáré, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó fi ń ṣe fáàrí, tirẹ̀ a máa jò ju ti àwọn yòókù lọ níbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀, ó kàn ń wọ ojú ni. Mo wá rò ó pé ọlọ́gbọ́n á jẹ́ kí ẹlòmíràn ra tuntun, kí onítọ̀hún jìyà jíjò náà, kí òun wá gbà á nígbà tí kò sí ohun tí yóò jò mọ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, n kò rí àléébù nínú rẹ̀.

Búrẹ́dì ni ìyàwó mi ń kiri. Ilé búrẹ́dì ẹni ẹlẹ́ni ní Ìta Fájì ló ti ń gbà á láàárọ̀, á gbé e lórí yí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ká, èrè rẹ̀ kò ju ohun tí èèrà lè gbé lọ. Kò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn ju ààrò tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ti fún un ní igun kan lẹ́yìnkùlé agbo ilé wa. Ó ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ẹnu ààrò yóò kọjú sí, kí èéfín má baà wọ yàrá àwọn arúgbó. Ó dá èsúsú títí, ó kó o. Owó náà wà nílẹ̀ nígbà tí òyìnbó kan ní Ìkòyí ní kí n wá fọ ọkọ̀ òun, pé òun ń lọ sílé, òun fẹ́ tà á kíá.

Mo yẹ ọkọ̀ náà wò bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò iléyá. Mo wo eyín rẹ̀, mo wo ìdí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó ń kùn bí ológbò tó yó. Iye tí òyìnbó náà pè é kò tó ohun tí ọ̀gá mi máa tà á, nítorí ó ń kánjú. Mo sáré lọ sílé.

“Kí la fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?” ìyàwó mi ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“A ò fẹ́ fi í ṣe nǹkan kan. Owó la fẹ́ tọ́jú sínú rẹ̀.”

“Ṣé báńkì ti kún ni?”

“Báńkì kì í gbé èèyàn dé Ìkòyí.”

Ó wò mí títí. “Bàbá Bẹ́bí, ẹ má fi mí ṣeré o. Ọrùn ń dùn mí.”

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní jíjò rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ òyìnbó. Mo ní a ó lò ó díẹ̀, àwọn òyìnbó tuntun á dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, a ó tà á fún wọn ní iye tí ọ̀gá mi ń tà á. Owó ààrò á padà wálé, owó fúláwà á sì gun orí rẹ̀.

“Ó dá yín lójú?”

“Bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú.”

Fúnra rẹ̀ ló tú owó náà nínú ìró. Èmi kọ́ ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á sí mi lọ́wọ́, ó sì ní Ọlọ́run á fi àánú sí i.

Ọkọ̀ náà kò lè wọ agbo ilé wa; ọ̀nà wa kò fẹ̀ ju kí màlúù méjì pàdé níbẹ̀. Mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, yí i ká pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

“O kú oríire, ọmọ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà?”

“Kò ní ẹ̀yìn, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

“Bí mo bá kú, ibo lẹ máa tẹ́ mi sí?”

“Ẹ ò ní kú, Ìyá.”

“Mo gbọ́, mi ò ní kú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò lè gbé òkú, tí kò lè gbé ìyàwó wọlé, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí kẹ̀kẹ́?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú ọkàn mi mo ní, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá ò mọ dìpìríṣíéṣọ̀n. Àṣà wa ni pé bí ẹnìkan bá ra ọkọ̀, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè jókòó tì mí. Mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan dé Ìdúmọ̀tà, mo gbé wọn padà, arúgbó lẹ́yìn arúgbó, títí wọ́n fi kírun ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ní kí n gbé àwọn àgbà ná.

Àwọn òyìnbó tuntun dé lóòótọ́. Ọ̀gá mi gbà kí n gbé ọkọ̀ mi sí igun ọgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí i, ó fọwọ́ pa á lára, ó wà á lọ sí ìhà pápá ìsáré ẹṣin, ó padà dé, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tó rí ṣúgà. Òun àti ọ̀gá mi sọ iye, ó gbà. Ìyàwó mi wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwo búrẹ́dì òfìfo, ó wá wò ó. Mo rí èéfín ààrò wa ní ojú sánmà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá béèrè pé, ta ló ni ín?

Ọ̀gá mi ti ya ẹnu. Orúkọ òyìnbó Ìkòyí tó tà á fún mi ló wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀. Èmi tí mo ti ń purọ́ láti ìgbà tí mo ti ń rákò, ọjọ́ yẹn gan-an ni òótọ́ wá wù mí í sọ. Ìyàwó mi ń wò mí. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Mo gbé ọwọ́ lé àyà, kàn-ìn-kàn-ìn ń kán lọ́wọ́ mi.

“Èmi ni mo ni ín, sà.”

Ó béèrè ibi tí mo ń gbé. Mo ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó fi ṣòkòtò nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, “O ka ọdún, o ka máìlì, o ò ka ara rẹ mọ́ ọn.” Ó ní láti ìgbà tí mo ti gbé e kọjá afárá kékeré tó wà láàárín Ìkòyí àti Èkó ni gbogbo owó rẹ̀ ti dà sómi. Kò sí òyìnbó tó máa rà á lọ́wọ́ mi, àwọn tó wà ní ọgbà yẹn sì ti gbọ́.

Mo ní kò burú, mo mú un tọ àwọn ènìyàn wa lọ. Lọ́yà kan ní Ìta Fájì fẹ́ràn rẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ jáde wá wò ó. Ìyá náà ní òun ò lè jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun bí ìyàwó. Ó parí síbẹ̀. Oníṣòwò aṣọ kan béèrè ibi tí òun máa kó ẹrù sí. Mo fi àpótí kékeré tó wà lẹ́yìn hàn án. Ó ní fìlà òun ni ìyẹn lè gbà.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń jẹ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ sọ òrùlé tapólì rẹ̀ di ibùsùn, ọ̀kan ya á, ó já sínú rẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Jíjò tí mo ní ó ti gbẹ tún bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Lójoojúmọ́ tí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo ń rí ààrò kan tó ń wó. Wọ́n fi igun ẹ̀yìnkùlé fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ó kọ́ ilé adìẹ sí i.

Ẹni tó rà á níkẹyìn kò wà á lọ. Táyà àti ẹ́ńjìnì ló fẹ́, ó tú u síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Owó tó san tó àpò fúláwà kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi dé láti ibi ìkiri. Ó rí ìjókòó méjèèjì tí wọ́n yọ sílẹ̀, ó sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí ọ̀kan. Ó ní, “Bàbá Bẹ́bí, mi ò jókòó síbí rí o.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sí èkejì, a jẹ búrẹ́dì tó ṣẹ́kù.

Irọ́ ni mo pa nípa ìjókòó yẹn. Ìyàwó mi kò jókòó, kò rẹ́rìn-ín, a ò jọ jẹ búrẹ́dì kankan. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú àwo lórí, ó kí ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ náà pé ẹ kú iṣẹ́. Kò kí mi.