Ìgbálẹ̀ Méjì Létí Òkun

Mo rántí bí iyanrìn ibẹ̀ ṣe funfun tó, tí èèyàn fi ní láti dijú díẹ̀ bí oòrùn bá là. Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lókè òkun ló ní kí èmi àti màmá wa lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan ní àwọn erékùṣù kéékèèké kan tó tò tẹ̀ léra wọn láàárín agbami. Tíṣà ni mí ní Ìlọra nígbà náà. Màmá ń ṣe oko ọsàn ní Fìdítì, wọn ò sì rí òkun rí láyé wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òkúta iyùn ló di ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Iyùn tí ọba ń so sọ́rùn, òun náà ni mo wá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ojú mi ti là ju bó ṣe yẹ lọ nígbà náà. Mo ti ra àkẹtẹ̀ àti awò dúdú, mo sì ti kìlọ̀ fún màmá láti pápákọ̀ òfurufú pé kí wọ́n má kí gbogbo èèyàn. Àmọ́ ẹni tó ti fi àádọ́rin ọdún kí ará Fìdítì, ta ló fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́? Wọ́n kí awakọ̀ ojú omi, wọ́n kí àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mi ò bá màmá nínú yàrá. Ìta ni mo ti rí wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń gbá iwájú ilé àlejò tí a wọ̀ sí. Nílé wa, obìnrin kì í jẹ́ kí oòrùn bá ìdọ̀tí àná níwájú ilé. Àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin erékùṣù yẹn ń ṣe. Ìyá àgbà kan láti ilé kejì ló yá màmá ní ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn ṣe. Àwọn méjèèjì jọ ń gbálẹ̀, màmá ń sọ Yorùbá, ìyá náà ń sọ èdè tirẹ̀, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ̀rín màmá lọ sókè bíi ti ọmọge. Kàkà kí inú mi dùn, ojú ló tì mí, torí àwọn òyìnbó méjì tó ń jẹun lábẹ́ igi ń wò wọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Àlejò la jẹ́ níbí, a kì í ṣọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ má dójú tì mí."

Màmá nàró, wọ́n wò mí. "Ó dáa, tíṣà." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dá ìgbálẹ̀ padà fún ìyá náà, wọ́n sì wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò pè mí ní tíṣà rí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yọjú lójú fèrèsé. Ìyá náà ti dúró síwájú ilé wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀ méjì. Màmá kọjú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé wọn ò sùn. Ǹ bá ní kí màmá jáde lọ bá a, ìgbéraga ò jẹ́. Nígbà tó dúró títí tó rẹ̀ ẹ́, ìyá náà dá ilẹ̀ ọ̀hún gbá, ó sì lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Màmá fi ọjọ́ tó kù jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n káwọ́ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wo omi bí mo ṣe ní kí wọ́n wò ó.

Ẹsẹ̀ màmá ò gbé ìrìn mọ́ báyìí. Bí mo bá dé Fìdítì lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń fi fọ́tò ibẹ̀ hàn wọ́n lórí fóònù mi: òkun, ẹja aláràbarà, èmi àti àkẹtẹ̀ mi. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí gan-an. Kì í ṣe àárò omi o, àárò ẹ̀rín tí màmá rín láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wo fọ́tò náà tán, wọ́n gbójú sókè.

"Ọ̀rẹ́ mi yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo tún gbogbo fọ́tò náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màmá sì ń dúró dè mí. Mi ò ya ìyá náà sí i. Mi ò sì bèèrè orúkọ rẹ̀.