Eyín Tó Ń Dán Òjé Wò

Ọwọ́-Kì-í-Gbọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Iṣẹ́ táyà ló ń ṣe níwájú ilé rẹ̀, lábẹ́ páànù tí òjò ti lu jára. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ọdẹ ló ń ṣe. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń hú oko olóko ló máa ń yìnbọn pa. Tó bá ti gbé ìbọn lé èjìká báyìí, kí wọ́n tètè máa pọ́n ọ̀bẹ ni.

Ọwọ́ yìí kan náà ló fi ń bá ìyàwó rẹ̀ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láràárọ̀. Aránṣọ ni ìyàwó náà, ojú rẹ̀ ò sì gbé ihò abẹ́rẹ́ mọ́ láti ìgbà tí àwọn ìbejì wọn ti lọ sílé ọkọ. Kí ọkùnrin yìí tó mu tíì, á ti ti òwú bọ àwọn abẹ́rẹ́ tí ìyàwó máa lò lọ́jọ́ náà, á gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìyàwó á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n o." Òun á ní, "Àmín." Bí wọ́n ṣe ń sọ fún ara wọn pé àwọn fẹ́ràn ara àwọn nìyẹn. Àwọn méjèèjì ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ.

Ọta ìbọn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ ó ti rí irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n máa ń kàn mọ́ etí ríìmù kí táyà má baà máa gbọ̀n lójú ọ̀nà. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe é láyé ọjọ́un. Èyí tó bá ti gbó lára táyà oníbàárà, á yọ ọ́, á jù ú sínú garawa lẹ́yìn ilé. Tí garawa bá kún, á dáná, á yọ́ òjé nínú ìkòkò irin, á sì fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn bù ú sínú móòdù tó ń sọ ọ́ di ọta. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Àwọn tó ń ṣe nǹkan yìí ti ń fi irin mìíràn ṣe é, tó jọ òjé bí àwọn ìbejì rẹ̀ ṣe jọra. Ẹyọ kan péré tó bá wọ inú ìkòkò, ó ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn: á ki bí ẹrẹ̀, ọta á sì jáde ní wíwọ́.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ, máa ń jù ú sórí sìmẹ́ńtì: òjé á dún pọ̀, irin kejì á dún gbanrangandan. Ọ̀rẹ́ wa ò gba ìyẹn gbọ́. Ó ní etí lè purọ́, eyín kì í purọ́. Ló bá ń gé wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjé á gba àmì eyín, irin kejì á kọ̀. Ó tiẹ̀ ní òjé tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu díẹ̀. Ẹ gbà mí o! Bàbá tó ti fi ọmọ méjì fọ́kọ, ó jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń lá òjé táyà!

Nígbà tó yá, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ojú ọ̀nà. Ẹlẹ́dẹ̀ kan lọ, òmíràn lọ. Ó ní irin ti wọ inú òjé òun. Ó wá di ọjọ́ kan nínú oko àgbàdo, ọta fò kọjá lẹ́bàá etí Káfíńtà, ó sì wọ inú igi. Èèpo igi bo fìlà rẹ̀.

"Ṣé mo wá jọ ẹlẹ́dẹ̀ lójú ẹ ni?"

"Ọta yẹn ni ò dáa. Irin ti dàpọ̀ mọ́ ọn."

"Ọta ni, àbí ọwọ́?"

Nígbà tí wọ́n dé ìta ilé, Káfíńtà ní òun ò bá a lọ mọ́. "Mo fẹ́ràn ẹ, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn etí mi náà."

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó da gbogbo ọta tó kù padà sínú ìkòkò, ó tún òjé inú garawa gé jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe ń tàsé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ́ òjé tó. Bó ṣe ń yọ́ ọ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń gé e jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òwú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú abẹ́rẹ́. Ó tún un tì, ó tún kọjá. Ìyàwó ń ká aṣọ, kò wòkè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra gíláàsì ojú kan wálé. "Ẹ má da ara yín láàmú mọ́, Bàbá Ìbejì. Gíláàsì yìí ń gbé e kedere." Ó dun ọkùnrin náà. Ó tún tù ú lára, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

Inú rírun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Obìnrin ni dókítà náà, kò tiẹ̀ tó àwọn ìbejì rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó ní kó ya ẹnu, ó wo ìdí eyín rẹ̀ pẹ́, ó rí ilà dúdú kan níbẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ máa ń fi ẹnu yín ṣe?"

"Mò ń fi jẹun ni."

"Yàtọ̀ sí oúnjẹ ńkọ́?"

"Mo máa ń fi sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá gbà mí láyè nílé."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà lọ gbọ́ èsì, obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, bàbá. Èéfín ìkòkò yẹn, àti èyí tẹ́ ẹ̀ ń gé jẹ. Òun ló ń run yín nínú, òun ló ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ pátápátá. A ó fún yín lóògùn. Ọwọ́ yín lè bọ̀ sípò, ó sì lè má bọ̀ sípò tán."

"Á jẹ́ pé wọ́n lè yọ́ èmi náà fi da ọta nìyẹn," ó ní. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí i.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tirẹ̀ fo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lọ bá ọwọ́. Síbẹ̀, bó ṣe ń lọ sílé, ó ti ń dá ọgbọ́n: òun ò ní gé e jẹ mọ́, ṣùgbọ́n òun á máa yọ́ ọ, òun á kàn máa fi aṣọ bo imú. Olórí kunkun!

Ó délé ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, ó rí Káfíńtà lórí àpótí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun. Ọkọ mìíràn ìbá ti fi igbe ta. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ Káfíńtà. Ó yọ ahọ́n síta bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ, ó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Gíláàsì tuntun náà wà nílẹ̀ lórí aṣọ.

"Ìgbà wo la máa ṣe èyí dà?" Káfíńtà béèrè.

"Títí ọwọ́ rẹ̀ á fi balẹ̀," ìyàwó dáhùn. "Mi ò fi gíláàsì yìí rí nǹkan kan, ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti rà á. Tó bá mọ̀, á ní kí n gbé abẹ́rẹ́ wá. Tí kò bá wá rí i ṣe, ojú á tì í. Mi ò fẹ́ kójú tì í."

Ọkùnrin náà fi ojú fèrèsé sílẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó kó garawa, ìkòkò, ṣíbí àti móòdù sínú bárò, ó sì tì í lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìbọn, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ẹnu títí ẹnu fi ń ta á. Kò sọ ohun tó rí fún ẹnì kankan.

Ó lo oògùn náà. Inú rírun dáwọ́ dúró, ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ìyàwó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àpótí náà.

"Gbé abẹ́rẹ́ wá."

"Gíláàsì mi ń gbé e dáadáa, Bàbá Ìbejì..."

"Mo mọ gíláàsì ẹ. Gbé abẹ́rẹ́ wá, Ìyá Ìbejì."

Ìyàwó wò ó. Ó bọ́ gíláàsì, ó gbé abẹ́rẹ́ fún un. Ọkùnrin náà mú òwú, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu kó fi itọ́ tọ́ ọ ṣonṣo, ló bá rántí òjé, ó dúró. Ó nà án sí ìyàwó. Ìyàwó fi ẹnu tirẹ̀ tọ́ ọ, ó dá a padà fún un.

Òwú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káfíńtà yọ lẹ́nu ọ̀nà ní àkókò tó máa ń wá, ó rí wọn, ó rọra yí padà. Òwú tún kọjá.

"Àwọn oníbàárà ẹ ń dúró o," ọkùnrin náà ní.

"Kí wọ́n dúró," ìyàwó ní.

Ọkùnrin náà tún gbé òwú sókè.